Ojú Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Yàn, Kí Ẹ Tó Yan Ilé ní Àbújá

"Màmá Olóúnjẹ, àdúgbò wo ló dáa jù ní Àbújá?" Báyìí ni àwọn ọmọ wa tó ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Ìlọrin tàbí Òṣogbo ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù, kí wọ́n tó kí mi tán pàápàá. Èmi náà á bi wọ́n padà pé, níbo ni iṣẹ́ rẹ wà, aago mélòó sì ni wọ́n ń wọlé níbẹ̀? Ẹni tí kò bá tíì lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, kó má tíì san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Kò sí àdúgbò tó dáa fún gbogbo èèyàn ní ìlú yìí. Èyí tó dáa fún yín ni èyí tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní gba gbogbo agbára yín kí ẹ tó débi iṣẹ́.

Iṣẹ́ oúnjẹ ni mò ń ṣe. Kubwa ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni mo ti ń dáná. Lọ́jọ́ iṣẹ́, kúlà àmàlà, ìrẹsì òfadà àti mọ́ínmọ́ín ni mo máa ń gbé lọ sí àwọn ọ́fíìsì. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, oúnjẹ àríyá ló kàn. Ẹni tó bá ń gbé oúnjẹ gbígbóná káàkiri ìlú, ó di dandan kó mọ ìlú, torí àmàlà kì í dúró de súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Mo mọ ibi tí ebi ọ̀sán ti ń pa wọ́n láti aago méjìlá, mo mọ ibi tí wọn kì í jẹun alẹ́ kó tó di aago mẹ́wàá, mo mọ géètì tí wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn kíá àti èyí tí ọbẹ̀ ti ń tutù lẹ́nu rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ń bọ̀.

Àbújá kò dàgbà láti ìdí ààfin àti ọjà ọba bí àwọn ìlú wa. Orí bébà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya á. Ní ọdún 1975, ìjọba Murtala Muhammed gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀, ọmọ Yorùbá, Adájọ́ Akínọlá Àgúdà, ló sì ṣe alága rẹ̀. Àwọn ló dá a lábàá pé kí olú ìlú kúrò ní Èkó wá sí àárín orílẹ̀-èdè. Oṣù Kejì ọdún 1976 ni òfin rẹ̀ jáde, ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 sì ni ìjọba kó wá pátápátá. Àwọn tó ya àwòrán ìlú pín in ní ìpele ìpele, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Phase. Phase 1 ni Central Area, Garki, Wuse, Maitama àti Asokoro. Phase 2 ni Utako, Jabi, Wuye, Mabushi, Kado, Jahi, Katampe, Gudu, Durumi àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Gwarinpa, Life Camp, Galadimawa àti Lokogoma wà ní Phase 3. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àwọn ìlú tó yí wọn ká: Kubwa, Bwari, Nyanya, Karu, Lugbe, Kuje, Gwagwalada, àti Mararaba tí kò tilẹ̀ sí lábẹ́ Àbújá rárá, nítorí ìpínlẹ̀ Nasarawa ló wà.

Àárín ni iṣẹ́ wà. Ẹ̀yìn ni ilé tí apá òṣìṣẹ́ ká wà. Láàárọ̀, gbogbo wa ń rọ́ wọ inú. Nírọ̀lẹ́, gbogbo wa ń rọ́ jáde. Ẹni tó bá lóye èyí ti lóye Àbújá.

Ọ̀nà mẹ́ta ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ọ̀nà Kubwa wá láti Zuba, ó gba Dei-Dei, Kubwa àti ìyànà Dutse, ó kọjá lẹ́bàá Gwarinpa kó tó wọ ìlú. Ó fẹ̀, ó sì máa ń já gaara tí kò bá sí ìjàǹbá lójú ọ̀nà. Ọ̀nà Keffi wá láti Mararaba, ó gba Nyanya, Karu àti Kugbo títí dé ìyànà tí wọ́n ń pè ní AYA ní Asokoro. Òun ló le jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, torí èrò tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ pọ̀ gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ débi iṣẹ́ ní aago mẹ́jọ láìsáré, kó ti wà lójú títì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú, tó gba Lugbe àti Galadimawa kó tó dé City Gate, tó sì já sí Central Area.

Ẹ wá fi iṣẹ́ yín sí i. Tó bá jẹ́ Maitama, Wuse, Utako tàbí Jabi ni ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀nà Kubwa ni kí ẹ wò: Gwarinpa bí owó bá wà, Kubwa tàbí Dutse bí owó bá ṣe díẹ̀. Tó bá jẹ́ Asokoro tàbí ìhà ilé ìjọba, Karu, Nyanya àti Jikwoyi ló sún mọ́ ọn. Gudu àti Apo náà dáa fún ẹni tí agbára rẹ̀ gbé e. Tó bá jẹ́ Garki tàbí Central Area, Lugbe máa rọrùn fún yín. Ohun tí mo máa ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe ni kí wọ́n gbé ní ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n sì máa la gbogbo ìlú já lọ ṣiṣẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹni tó ń gbé Mararaba, tó ń ṣiṣẹ́ ní Jabi, méjì nínú ìṣòro ló kó sí orí ara rẹ̀: súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Keffi, àti ti àárín ìlú tó tún kàn án lẹ́yìn ìyẹn.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ gun ọ̀nà náà fúnra yín láàárọ̀ Mọ́ńdè. Kì í ṣe Sátidé o. Ọ̀nà tó bá já gaara lọ́jọ́ Sátidé kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹ dúró ní ìyànà tó sún mọ́ ilé náà ní aago mẹ́fà ààbọ̀, ẹ wo iye èèyàn tó ń dúró de mọ́tò, ẹ wọ ọkọ̀ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wọ̀, kí ẹ sì wo aago tí ẹ bá dé. Nírọ̀lẹ́, ẹ tún padà pẹ̀lú wọn. Ìrìn àjò ọjọ́ kan yìí máa kọ́ yín ju ohun tí ẹ́jẹ́ǹtì mẹ́wàá lè sọ lọ.

Nípa ọkọ̀, ohun mẹ́ta péré. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tó bá ní "along" ń sọ ti tákísì tí èrò jọ wọ̀ tí olúkúlùkù sì san tirẹ̀; ẹni tó bá ní "drop" ń sọ pé òun nìkan ló gbà á. Ẹ sọ èyí tí ẹ fẹ́ kí ẹ tó wọlé. Ìkejì, láti ọdún 2006 ni wọ́n ti lé ọ̀kadà kúrò láàárín ìlú, kẹ̀kẹ́ Napep náà kò sì lè gba ojú títì ńlá. Inú ẹ̀sítéètì àti àdúgbò ló ti ń ná. Nítorí náà, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti ìyànà dé ẹnu ọ̀nà ilé tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ mọ bó ṣe jìn tó nígbà òjò. Ìkẹta ṣe pàtàkì jù: gáréèjì tàbí ibùdókọ̀ tí èrò wà ni kí ẹ ti wọ mọ́tò. Àwọn "one chance", ìyẹn àwọn olè tó ń fi mọ́tò èrò jalè, wà nílùú yìí, wọ́n á fi èrò irọ́ kún inú ọkọ̀, wọ́n á dúró lẹ́bàá yín níbi tó dá, wọ́n á sì pe iye tó kéré sí tàwọn yòókù. Ẹ jẹ́ kó kọjá. Tó bá ti di alẹ́, ọkọ̀ tí ẹ lè fi fóònù pè ni kí ẹ wọ̀, kí ẹ sì fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ará ilé.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wọ inú ìlú. Garki ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn àdúgbò àárín, mo sì lè jà fún un níbikíbi. Area ni wọ́n pín in sí: Area 1, Area 2, Area 3, Area 7, Area 8, Area 10, Area 11, kí ẹ tó wá dé Garki 2. Nǹkan súnmọ́ra níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba wà, ọjà wà, ilé ìwòsàn wà, èèyàn sì lè fi ẹsẹ̀ rìn láti ọ̀kan dé òmíràn láìwọ mọ́tò, èyí tó ṣọ̀wọ́n ní Àbújá. Orúkọ tiwa náà wà lára òpópónà ibẹ̀: Ogbomosho Street wà ní Area 8, Ladoke Akintola Boulevard sì wà ní Garki 2. Ilé òṣìṣẹ́ ìjọba àtijọ́ pọ̀ ní Garki, àwọn tí ìjọba tà fún àwọn tó ń gbé inú wọn nígbà tí El-Rufai jẹ́ mínísítà tó ń bójú tó Àbújá. Ilé wọ̀nyẹn lágbára, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ lórí páìpù wọn. Bí ẹ bá lọ wo ilé ní Garki, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi, ẹ fọ ilé ìyàgbẹ́ lójú yín, ẹ wo abẹ́ síńkì bóyá ó ń jò. Àwọn oníbàárà mi ní Garki, aago méjìlá ààbọ̀ ni wọ́n ń jẹun, wọ́n máa ń sanwó lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì mọ adùn gbẹ̀gìrì.

Wuse sún mọ́ Garki nínú ìwà, ṣùgbọ́n kò dákẹ́ tó o. Zone ni wọ́n ń kà níbẹ̀, láti Zone 1 dé Zone 7, orúkọ àwọn ìlú ilẹ̀ Áfíríkà ló sì wà lára ọ̀pọ̀ òpópónà rẹ̀, bí Accra àti Abidjan. Ọjà Wuse ni ọkàn ibẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹja gbígbẹ, pọ̀ǹmọ́, ata tútù, ìrù àti èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ sì máa ná ọjà bí ọmọ Yorùbá, torí iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ pè, iye ẹni tó wọ táì ni. Wuse 2 yàtọ̀ pátápátá. Òpópónà Adetokunbo Ademola, tí wọ́n fi orúkọ adájọ́ àgbà àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà sọ, àti Aminu Kano ló gbé ibẹ̀ ró: báńkì, òtẹ́ẹ̀lì, ilé oúnjẹ, àti Banex tí gbogbo èèyàn ń lọ fún fóònù àti àtúnṣe rẹ̀. Wuse 2 kì í tètè sùn. Alẹ́ ni wọ́n ń pè mí fún oúnjẹ níbẹ̀, nígbà tí ará Kubwa ti ń pa iná. Ẹni tó jẹ́ àpọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ wà nítòsí lè gbádùn rẹ̀. Ẹni tó ní ọmọ wẹ́wẹ́ tó ń lọ sílé ẹ̀kọ́ láago méje, kó wá ibòmíràn.

Maitama ni àwọn ẹ́ḿbásì àti àwọn ọlọ́lá wà. Orúkọ odò ni wọ́n fi sọ àwọn òpópónà rẹ̀: Nile, Mississippi, Danube, Amazon, bẹ́ẹ̀ ni Osun Crescent náà wà níbẹ̀. Tí mo bá gbé oúnjẹ dé ẹnu géètì ní Maitama, fèrèsé kékeré kan ló máa kọ́kọ́ ṣí. Mẹ́gáàdì á wo ojú mi, á wo kúlà, á béèrè orúkọ, á ti fèrèsé náà pa, á sì lọ fi fóònù pe inú ilé. Mo máa dúró sínú oòrùn títí wọ́n á fi dá a lóhùn. Láti ìkángun òpópónà kan dé ìkejì, ẹ kò ní rí ìyá kan tó ń ta ata, ẹ kò ní rí kíósì tí wọ́n ti ń ta iyọ̀. Ìwà àdúgbò náà nìyẹn: ààbò wà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà, iná sì dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní mọ́tò máa jìyà. Asokoro fi èyí jọ ọ́, orúkọ àwọn olórí orílẹ̀-èdè Áfíríkà bíi Kwame Nkrumah àti Julius Nyerere ló wà lára òpópónà tirẹ̀. Ó sún mọ́ ilé Ààrẹ, nítorí náà wọ́n lè dí ọ̀nà mọ́ yín nígbàkigbà tí àlejò ńlá bá ń kọjá.

Síbẹ̀, ẹ má rò pé kò sí ibi tí òṣìṣẹ́ kékeré lè sùn sí ní Maitama àti Asokoro. Bọ́ìskọ́tà wà. Yàrá kan tàbí méjì lẹ́yìn ilé ńlá, tó ní ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀. Fún ẹni tó dá wà, tó sì ń ṣiṣẹ́ nítòsí, mo gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n wá a dáadáa. Owó rẹ̀ lè ju ti yàrá méjì ní Lugbe lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi owó ọkọ̀ àti oorun tí ẹ máa sùn kún un kí ẹ tó sọ pé ó wọ́n. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ béèrè ṣáájú ni òfin ilé: ṣé àlejò lè wá sùn, aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì, ṣé iná jẹnẹrétọ̀ kan ẹ̀yìn, ta ló ń san owó omi.

Lẹ́yìn òkè Maitama ni Mpape wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ilé ní Maitama ń gbé. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018 ni ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ àti ní Maitama, tí ẹ̀rù ba gbogbo wa. Owó ilé kò wọ́n, ọ̀nà kò jìn, ṣùgbọ́n òkè ni, àpáta ni, omi kì í sì í rọrùn.

Central Area kì í ṣe ibi ìgbé. Ilé iṣẹ́ ìjọba, báńkì àgbà, mọ́ṣáláṣí àpapọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì àpapọ̀ ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbogbo oúnjẹ tí mo bá fẹ́ tà, mo ti gbọ́dọ̀ tà á kí wọ́n tó dìde lọ kírun, torí lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀pọ̀ kò ní padà sí ọ́fíìsì.

Utako àti Jabi ni ẹ máa kọ́kọ́ rí tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì wá láti ilé, torí ibẹ̀ ni gáréèjì ńlá wà. Obafemi Awolowo Way gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí òwò rẹ̀ jẹ mọ́ ìrìn àjò, tó ń gba ẹrù láti Èkó tàbí Ìbàdàn, kó wá ilé sí Utako. Ọjà rẹ̀ dáa, ariwo rẹ̀ sì pọ̀. Jabi ní adágún odò kan tí ìdílé máa ń lọ gbatẹ́gùn létí rẹ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, àti ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ṣí lẹ́bàá rẹ̀ ní ọdún 2015. Kado, Wuye, Jahi àti Katampe, ilé tuntun ló pọ̀ níbẹ̀, owó sì ni wọ́n fi ń gbé e. Gudu, Durumi àti Apo ni kí ará Garki wò. Apo ni abúlé àwọn mẹkáníìkì wà, kò sì sí irú mọ́tò tí wọn kì í tún ṣe níbẹ̀.

Gwarinpa ni mo máa ń pè ní ilé ìdílé. Ẹ̀sítéètì ìjọba àpapọ̀ ni, Avenue 1 dé Avenue 7 ni wọ́n pín in sí, wọ́n sì máa ń sọ pé kò sí ẹ̀sítéètì tó tóbi tó o ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Third Avenue ni ọjà àti ilé oúnjẹ pọ̀ sí. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni tèmi níbẹ̀: wọ́n bá dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí n gbé ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ rírò wá, àwọn ọmọ ló sì máa ń wá ṣí géètì fún mi. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní ọmọ mẹ́ta tí owó rẹ̀ sì gbé e, Gwarinpa ni mo máa ń tọ́ka sí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lokogoma àti Galadimawa lẹ́wà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ̀sítéètì wà lórí ẹ̀sítéètì. Ṣùgbọ́n omi òjò mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Ẹ wo ara ògiri ìta: tí ẹ bá rí ìlà pupa tí ẹrẹ̀ fi sílẹ̀, ibi tí omi dé lọ́dún tó kọjá nìyẹn, bí wọ́n bá tilẹ̀ ti kun ilé náà. Ẹ bi aládùúgbò, ẹ má bi onílé.

Kubwa ti tó ìlú lọ́tọ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kọ́ Wuse, Kubwa ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ lọ, àwọn Gbagyi. Àwọn ló ni ilẹ̀ tí gbogbo wa jókòó lé yìí, ẹ sì máa rí àwọn ìyá wọn tó ń fi èjìká gbé igi ìdáná kọjá dípò orí. Ẹ kí wọn, ẹ bọ̀wọ̀ fún baálẹ̀ wọn. Ẹni tó ń rajà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ kì í padà sílé lọ́wọ́ òfo. Àwa Yorùbá pọ̀ ní Kubwa. Ẹ máa gbọ́ èdè wa ní PW, ní Phase 4, ní Arab Road, ní ọ̀nà Gado Nasko, ní FHA tó jẹ́ ẹ̀sítéètì ìjọba àpapọ̀, àti ní Byazhin. Lọ́jọ́ Sátidé, aṣọ ẹbí ló kún ojú títì, ìkòkò mi kì í sì í sinmi. Ibùdó àwọn agùnbánirọ̀ wà níbẹ̀, ibùdó ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Kaduna láti ọdún 2016 sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú Kubwa fúnra rẹ̀ kò rí bákan náà: FHA wà létòlétò, ọ̀nà Byazhin jìn wọ inú, ibi tó bá sún mọ́ ojú títì ńlá sì ní owó tirẹ̀ lórí.

Nyanya ni wọ́n kọ́kọ́ fi àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ìlú sí, ìwà òṣìṣẹ́ ló sì wà lára rẹ̀ dòní: wọ́n tètè ń jí, wọ́n tètè ń jáde, àkàrà àti ògì sì ti wà lójú títì nígbà tí Maitama ṣì ń sùn. Mararaba kọjá rẹ̀ díẹ̀. Èrò pọ̀, owó ilé rọjú, ọjà ọsàn rẹ̀ lókìkí, ìnáwó ibẹ̀ sì máa ń jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí nǹkan tọ́jú. Ẹ rántí pé ìjọba Nasarawa ló ni ín, nítorí náà ilé ìwé ìjọba, ìwé ilẹ̀ àti ìdìbò yín, ọ̀dọ̀ Nasarawa ni.

Lugbe gùn lẹ́bàá ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú. Ìkómọjáde ni wọ́n ń pè mí sí jù níbẹ̀, torí àwọn tọkọtaya tuntun ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè bóyá iwájú tàbí ẹ̀yìn ni ilé náà wà, nítorí ẹ̀yìn Lugbe lè jìn ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Oṣù Karùn-ún ọdún 2024 ni wọ́n tún ṣí ọkọ̀ ojú irin tó wà láàárín pápákọ̀ òfurufú àti Central Area, tó ń gba Idu; ẹ wò ó bóyá ibùdó kan sún mọ́ yín. Kuje wà fún ẹni tó fẹ́ ilẹ̀ àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Gwagwalada fún ẹni tó ní nǹkan ṣe ní yunifásítì tàbí ilé ìwòsàn ńlá ibẹ̀. Bwari fún ẹni tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin tàbí JAMB.

Nígbà tí ẹ bá wá mú àdúgbò tán, ẹ lọ wo ilé náà lẹ́ẹ̀kan sí i ní aago mẹ́fà àárọ̀. Adágún Lower Usuma ni omi ìjọba ti ń wá, ṣùgbọ́n kì í dé gbogbo ibi. Ẹ́jẹ́ǹtì máa ní omi ń yọ. Ẹ má bá a jiyàn; ẹ kàn dúró lẹ́nu géètì. Bí ẹ bá rí mẹ́ruwà tó ń ti ọmọlanke bọ̀, tí kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tò sórí rẹ̀, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì ń jáde pẹ̀lú báàfù láti gbà á, kò sí omi nínú ilé yẹn. Tí ó bá jẹ́ kànga ẹ̀rọ ni, ẹ béèrè ẹni tó ń ra epo tí wọ́n fi ń fà á.

Ẹ béèrè irú iná tó ń dé ibẹ̀. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni owó iná àwọn tó wà ní Band A ti wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ, nítorí wọ́n ṣèlérí ogún wákàtí iná fún wọn lójúmọ́. Ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kéré, tó ń lo ẹ̀rọ amúlétutù, kó mọ èyí tó wà kó tó wọlé. Ẹ rí i pé mítà ilé jẹ́ tiyín nìkan, kì í ṣe èyí tí ẹ jọ ń pín pẹ̀lú ẹlòmíràn.

Owó ọdún kan ni wọ́n sábà máa ń gbà, àwọn mìíràn á ní ọdún méjì, wọ́n á tún fi owó ẹ́jẹ́ǹtì àti ti agbẹjọ́rò lé e. Ẹ béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má san owó fún ẹni tí kò lè fi onílé hàn yín. Bí ilẹ̀ ni ẹ fẹ́ rà, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò tiyín lọ yẹ ìwé wò ní AGIS, ọ́fíìsì tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Àbújá wà, kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, torí ìwé tí ìjọba ìbílẹ̀ fún èèyàn àti èyí tí mínísítà buwọ́ lù kò lágbára kan náà níbí. Ilé tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ tí kò ní ìwé, wọ́n ń wó o ní Àbújá. A ti rí i lójú wa.

Ẹ kọ́ Hausa díẹ̀ kí ẹ tó dé. Ìkíni àti òǹkà owó nìkan ti tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Ó máa dín owó ọjà kù fún yín, mẹ́ruwà á sì kọ́kọ́ yà sílé yín.

Nípa kíkó ẹrù, ọjọ́ Sọ́ńdè láàárọ̀ ni kí ẹ gbé e, nígbà tí àwọn kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì tí àwọn yòókù sì ń sinmi, torí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń ṣófo lásìkò yẹn. Kí ẹ ti sọ fún sikiọ́rítì ẹ̀sítéètì lọ́jọ́ Jímọ̀, nítorí àwọn ibòmíràn kì í jẹ́ kí lọ́rí ẹrù wọlé láìgba ìwé. Ẹ kọ́kọ́ gbé bẹ́ẹ̀dì, ìkòkò àti dúrọ́ọ̀mù omi wọlé. Bó bá jẹ́ Kubwa ni ẹ wá, ẹ béèrè ẹni tó ń ta èlùbọ́ tó dáa lọ́wọ́ ìyá Yorùbá tó bá sún mọ́ yín jù, kí ẹ sì dé kí aago mẹ́jọ tó lù, nítorí òun náà ń mú ọ̀nà ìlú pọ̀n.